Àwọn Tó Ń Tọ́ka sí Iṣẹ́ Wa: Ìrírí Mi Nínú Ìwádìí Stem Cell

Nínú gbogbo àpilẹ̀kọ tí orúkọ mi wà lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n tọ́ka sí jù lọ dá lórí bí a ṣe ń jí sẹ́ẹ̀lì tó ti di yìnyín. Kò gùn, kò sì sí àwárí ńlá kankan nínú rẹ̀. Ohun tó sọ kò ju pé bí ẹ bá fẹ́ kí stem cell ènìyàn tó ti pẹ́ nínú naitirójìn olómi yè dáadáa, báyìí ni kí ẹ ṣe é: ìwọ̀n ooru báyìí, oògùn báyìí, kí ẹ sì fi abọ́ náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Iṣẹ́ kan sì wà tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, níbi tí a ti tọpa bí jíìnì kan ṣe ń pinnu bóyá sẹ́ẹ̀lì máa dúró bó ṣe wà tàbí ó máa yí padà di sẹ́ẹ̀lì iṣan ọkàn. Ìyẹn wà nísàlẹ̀ àtòjọ náà, ó jìnnà sí òkè.

Onímọ̀ molecular biology ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí stem cell, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó lè pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró, tí wọ́n sì tún lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú ara. Wọ́n ti fi iye ìtọ́kasí, ìyẹn iye ìgbà tí àpilẹ̀kọ àwọn ẹlòmíràn dárúkọ iṣẹ́ ẹni, díwọ̀n èmi náà rí, èmi náà sì ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó fi díwọ̀n ẹlòmíràn. Ohun tí mo rí dì mú nínú gbogbo rẹ̀ ni pé iye ìtọ́kasí máa ń jẹ́ ká mọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn rí lò lára iṣẹ́ wa. Bóyá iṣẹ́ náà jẹ́ òótọ́, ibòmíràn la ti máa wá ìyẹn lọ. Bó ṣe jinlẹ̀ tó, ibòmíràn náà ni.

Ẹni tí kò bá tíì tọ́jú stem cell ènìyàn rí lè máa ṣe kàyéfì ohun tó mú kí àpilẹ̀kọ kékeré bẹ́ẹ̀ rìn jìnnà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kì í fẹ́ dá wà. Bí a bá tú wọn ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn á ti kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ìgò kékeré náà á jáde láti inú naitirójìn, níbi tí òtútù ti ń lọ sí ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó mú un dání á máa yí i díẹ̀díẹ̀ nínú omi ìwọ̀n 37 títí yìnyín inú rẹ̀ á fi ku bíńtín. Lẹ́yìn ìyẹn, á máa kán an sínú omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, kíkán kan tẹ̀ lé òmíràn, nítorí pé DMSO tó dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì nínú yìnyín náà ló máa ń ṣe wọ́n léṣe bí ara wọn bá ti ń móoru. Ọjọ́ kejì la tó máa mọ bó ṣe rí. Bí ó bá dára, ẹ máa rí ìdìpọ̀ kéékèèké, pẹlẹbẹ, tó ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ abọ́, tí etí wọn mọ́ kedere lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Bí kò bá dára, òkú sẹ́ẹ̀lì roboto ló máa kún ojú omi, iṣẹ́ oṣù mélòó kan sì lè bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Oògùn tó mú kí ọ̀ràn yìí rọrùn ń jẹ́ Y-27632. Ó máa ń dí èròjà kan tó ń jẹ́ ROCK lọ́wọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Lọ́dún 2007, àwọn olùṣèwádìí ní RIKEN, ilé ìwádìí kan nílùú Kobe, ní Japan, fi hàn nínú jọ́nà Nature Biotechnology pé bí a bá fi oògùn yìí sí stem cell tó wá láti inú ọlẹ̀ ènìyàn, àwọn tó wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pàápàá máa yè. Láti ìgbà náà, ó ṣòro láti rí láàbù tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tí oògùn náà kò sí nínú fìríìjì rẹ̀. Ẹ wá wo ọ̀pọ̀ nínú àwọn àpilẹ̀kọ tó ń jáde báyìí: orúkọ oògùn náà wà níbẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n lò wà níbẹ̀, micromolar 10, orúkọ ilé iṣẹ́ tó tà á fún wọn wà níbẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ fi han aráyé pé ó ń ṣiṣẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ ènìyàn kò sí níbẹ̀.

Èyí máa ń dùn mí lórúkọ wọn. Robert Merton, onímọ̀ nípa àwùjọ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ tipẹ́: bí iṣẹ́ kan bá ti wọ ara ìmọ̀ tán, tí gbogbo ènìyàn ń lò ó bí ẹni pé ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, wọn kì í tọ́ka sí ẹni tó ṣe é mọ́. James Till àti Ernest McCulloch ní Toronto fi hàn lọ́dún 1961, nípa fífi sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn inú eegun sí ara èkúté tí wọ́n ti fi ìtànṣán pa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé sẹ́ẹ̀lì kan wà tó lè bí oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Orí iṣẹ́ yẹn ni gbogbo wa dúró sí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń kọ nípa stem cell ẹ̀jẹ̀ lónìí ló ń rántí kọ orúkọ wọn sísàlẹ̀ ìwé. Nítorí náà, iye ìtọ́kasí lè dúró tàbí kó lọ sílẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ náà yọrí sí rere kọjá ààlà. Mi ò tíì rí ìgbìmọ̀ ìgbéga kan tó ro ti èyí kí ẹnìkan tó rán wọn létí.

Ohun tó tún ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wọn ni pé àpilẹ̀kọ tí wọ́n tọ́ka sí jù nínú gbogbo ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, èyí tí Oliver Lowry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1951, bí a ṣe ń díwọ̀n purotéènì ló sọ. Ìtọ́kasí rẹ̀ lé ní 300,000. Kò sí nǹkan tó burú nínú ìyẹn. Ẹni tó fún ẹgbẹ̀rún láàbù ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ yẹ fún ọpẹ́, mo sì ń dúpẹ́ pé àwọn ènìyàn rí ọ̀nà tiwa lò. Àmọ́ bí ẹnìkan bá wo iye ìtọ́kasí yẹn, tó wá parí èrò sí pé ibẹ̀ ni ọpọlọ wa ti ṣiṣẹ́ jù, ó ti ṣì í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa àwọn òṣùwọ̀n náà, nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń bẹ̀rù wọn láìmọ bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n. Eugene Garfield ló bẹ̀rẹ̀ àkójọ ìtọ́kasí tó gbajúmọ̀, Science Citation Index, lọ́dún 1964, kí àwọn olùṣèwádìí lè rí iṣẹ́ tó bá tiwọn tan. Láti inú rẹ̀ ni impact factor ti jáde, jọ́nà ló sì wà fún. Wọ́n á ka iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka lọ́dún kan sí ohun tí jọ́nà náà gbé jáde ní ọdún méjì tó ṣáájú, wọ́n á sì fi iye àpilẹ̀kọ ọdún méjì náà pín in. Àpilẹ̀kọ díẹ̀ tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí lè gbé àròpín náà ga fíofío, kí ọ̀pọ̀ yòókù má sì ní ju ìwọ̀nba lọ. Ẹni tó bá fi àròpín yẹn díwọ̀n àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo kò tíì mọ nǹkan kan nípa àpilẹ̀kọ náà. Ohun tí ìkéde DORA, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco lóṣù December 2012, bẹ àwọn yunifásítì àti àwọn tó ń fúnni ní owó ìwádìí pé kí wọ́n jáwọ́ ńbẹ̀ nìyẹn.

h-index ní tirẹ̀ wà fún ènìyàn. Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní California, ló gbé e jáde lọ́dún 2005. Bí h-index yín bá jẹ́ 30, ó túmọ̀ sí pé ẹ ní àpilẹ̀kọ 30 tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó kéré tán, nígbà 30. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnìkan gbé àpilẹ̀kọ kan péré jáde láyé rẹ̀, tí wọ́n tọ́ka sí i nígbà 10,000: h-index rẹ̀ jẹ́ 1. Òṣùwọ̀n yìí kì í sì lọ sílẹ̀. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ṣì lè máa gòkè, nígbà tí ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ tó dára jù nínú láàbù wà nísàlẹ̀, kìkì nítorí pé kò tíì pẹ́. Iye náà tún ń yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Google Scholar máa ń ka ìwé àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti iṣẹ́ tí wọn kò tíì yẹ̀ wò mọ́ ọn, Web of Science àti Scopus sì ń yan jọ́nà tí wọ́n ń kà. Ẹni kan náà lè ní iye mẹ́ta ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí orúkọ yín bá ní àmì lórí, tàbí tí ẹ yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pín yín sí méjì nínú àkójọ náà. Ẹ gba nọ́ńbà ORCID, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà fún olùṣèwádìí kọ̀ọ̀kan, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì máa fi sí gbogbo àpilẹ̀kọ yín.

Kí n padà síbi tó jẹ mí lógún jù. Ìgbà kan wà tí mo pinnu pé mi ò ní wo iye ìtọ́kasí mọ́ láìka gbólóhùn tí wọ́n ti tọ́ka sí wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn àpilẹ̀kọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wá ibi tí orúkọ wa wà. Iṣẹ́ tó ń tánni ní sùúrù ni. Kò sí ohun tó la ojú mi tó o.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn tò wá mọ́ àwọn mìíràn ni, orúkọ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn gbólóhùn kan tó sọ pé stem cell lè wúlò fún ìṣègùn. Ẹni tó kọ ọ́ lè má ṣí ìwé wa rí. Àwọn mìíràn lo ọ̀nà wa, wọ́n sì kọ pé àwọn ṣe é bí a ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Ìyẹn máa ń dùn mọ́ mi. Àwọn díẹ̀ ló bá wa jiyàn. Mo rántí àpilẹ̀kọ kan tó sọ pé àbájáde wa lórí jíìnì iṣan ọkàn kò rí bẹ́ẹ̀ bí sẹ́ẹ̀lì bá wà lórí ohun rírọ̀, pé abọ́ líle tí a fi ṣe tiwa ló fà á. Wọ́n fi àwòrán tì í lẹ́yìn, wọ́n tún kọ ìwọ̀n gbogbo ohun tí wọ́n lò sílẹ̀. Èmi àti ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kọ̀wé sí ara wa fún ìgbà pípẹ́, a fi sẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ sí ara wa, òye wa nípa jíìnì yẹn sì ti jinlẹ̀ sí i láti ìgbà náà. Nínú iye, ìtọ́kasí kan ṣoṣo nìyẹn, kò sì yàtọ̀ sí ti ẹni tó tò wá mọ́ mẹ́wàá.

Àwọn kan sì sọ ohun tí a kò sọ. A kọ ọ́ pé inú abọ́ ni sẹ́ẹ̀lì wa ti ń lù kì-kì bí ọkàn. Àpilẹ̀kọ kan tọ́ka sí i pé stem cell ti wo ọkàn sàn. Àpilẹ̀kọ mìíràn tọ́ka sí ìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gbèèrù láti ẹnu dé ẹnu nìyẹn, àfi pé ti ìwé ni èyí, ó sì ní nọ́ńbà lẹ́yìn.

Èyí tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù kò sí nínú àkójọ kankan. Ẹnìkan fi ìwé ìpolówó ránṣẹ́ sí mi, ti ilé ìwòsàn kan tó ń ta abẹ́rẹ́ stem cell fún onírúurú àìsàn. Nísàlẹ̀ ìwé náà ni wọ́n to àpilẹ̀kọ sí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, tiwa sì wà níbẹ̀. Ìwé wa kò sọ nǹkan kan nípa abẹ́rẹ́. Kò sí aláìsàn kankan nínú rẹ̀. Àmọ́ bí ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn bá rí orúkọ jọ́nà ńlá lórí bébà, ta ló máa sọ fún un pé ohun tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lọ́dún 2017, àwọn dókítà ròyìn nínú New England Journal of Medicine pé àwọn obìnrin mẹ́ta pàdánù agbára ìríran wọn ní Florida lẹ́yìn tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fà láti inú ọ̀rá ara wọn sínú ojú. Mo kọ̀wé sí ilé ìwòsàn yẹn pé kí wọ́n yọ orúkọ wa. Wọn kò dáhùn. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń rí i dájú pé gbólóhùn kan wà nínú àkótán gbogbo àpilẹ̀kọ tó bá jáde láti láàbù wa, tó sọ ibi tí iṣẹ́ náà dúró sí: inú abọ́, inú èkúté, tàbí ara ènìyàn. Àwọn olùyẹ̀wò jọ́nà ti ní kí a yọ ọ́ rí nítorí àyè. A kò yọ ọ́.

Mo ní ìtọ́kasí kì í sọ bóyá iṣẹ́ jẹ́ òótọ́. Ẹ̀ka tiwa yìí ti fojú rí èyí ju ọ̀pọ̀ ẹ̀ka lọ. Lọ́dún 2002, àpilẹ̀kọ kan láti Yunifásítì Minnesota jáde nínú jọ́nà Nature, tó sọ pé sẹ́ẹ̀lì kan nínú mùdùnmúdùn eegun àgbàlagbà lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ jọjọ, bíi ti ọlẹ̀. Ayé gbọ́. Àwọn láàbù mìíràn gbìyànjú, ọ̀pọ̀ kò rí i ṣe. Ìbéèrè nípa àwọn àwòrán inú rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ láti bí ọdún 2007. Síbẹ̀, wọ́n ń tọ́ka sí i lọ, títí tí iye náà fi kọjá 4,000, ọdún 2024 ni jọ́nà tó fà á padà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Mi ò pe iṣẹ́ yẹn ní irọ́. Ohun tí jọ́nà sọ ni pé ìṣòro àwọn àwòrán náà kò jẹ́ kí wọ́n lè fọkàn tán àbájáde rẹ̀ mọ́. Àmọ́ ogún ọdún ó lé yẹn ló gbà, nínú ogún ọdún náà sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti lo ìgbà èwe wọn nídìí ohun tí kò fẹ́ ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ wọn, tí wọ́n ń rò pé ọwọ́ àwọn ni kò dára.

Ẹ fi wé ọ̀rọ̀ STAP. Oṣù January 2014 ni àpilẹ̀kọ méjì jáde nínú Nature láti RIKEN, wọ́n sọ pé bí a bá fi sẹ́ẹ̀lì ọmọ èkúté sínú omi kíkan fún ìgbà díẹ̀, á padà di sẹ́ẹ̀lì tó lè di ohunkóhun. Ó rọrùn láti dán wò, nítorí náà gbogbo ayé dán an wò lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó máa fi di July ọdún yẹn, wọ́n ti fa méjèèjì padà. Èyí tó ṣòro láti dán wò ló pẹ́ láyé. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léraléra, nítorí ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti fura.

Shinya Yamanaka àti Kazutoshi Takahashi ní Kyoto ṣe ohun tó jọ ìyàlẹ́nu bíi ti STAP gan-an lọ́dún 2006. Jíìnì 24 ni wọ́n kọ́kọ́ kó jọ, wọ́n ń yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi rí i pé mẹ́rin ló tó láti sọ sẹ́ẹ̀lì awọ èkúté di sẹ́ẹ̀lì tó dà bíi ti ọlẹ̀: Oct3/4, Sox2, Klf4 àti c-Myc. Ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí n gbà á gbọ́? Nígbà yẹn, iye ìtọ́kasí rẹ̀ kò tíì tó nǹkan. Ohun tó mú kí n gbà á gbọ́ ni pé nígbà tó fi di àárín ọdún 2007, àwọn láàbù mìíràn ní Amẹ́ríkà ti ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, wọ́n sì rí ohun kan náà. Kó tó di òpin ọdún yẹn, Kyoto ti ṣe é pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, James Thomson àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Wisconsin náà sì ti ṣe é, tí wọ́n fi NANOG àti LIN28 rọ́pò méjì nínú mẹ́rin náà. Lẹ́yìn náà ni ìtọ́kasí wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé, ó ti ju 20,000 lọ báyìí. Lọ́dún 2012, Yamanaka pín ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú John Gurdon, ẹni tó ti fi kóko inú sẹ́ẹ̀lì ìfun ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ sínú ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ mìíràn ní Oxford, tó sì rí i pé ẹyin náà di ọmọ ọ̀pọ̀lọ́. Ọdún 1962 ni ti Gurdon jáde, ọdún tí wọ́n bí Yamanaka. Bí ẹ bá fi ìtọ́kasí ọdún méjì àkọ́kọ́ díwọ̀n irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí lẹ máa rí?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lọ́dọ̀ mi tó ń ṣiṣẹ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ó sì máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Lẹ́yìn tó ti ń pín sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sínú abọ́ tuntun fún oṣù mélòó kan, abọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yára ju àwọn yòókù lọ. Bó bá jí wọn nínú yìnyín, wọn kì í kú. Ìdìpọ̀ wọn nípọn, ó mọ́, ó dán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ náà. Òun nìkan ló ń wo abọ́ náà tí ojú rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì. Ó fi sẹ́ẹ̀lì náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò kúrómósóòmù, ìyẹn àwọn okùn tó gbé jíìnì inú sẹ́ẹ̀lì, èsì sì dé pé kò sí nǹkan kan. Ó ní, "Prof, ara mi ò gbà á." Ó wá ṣe àyẹ̀wò tó kéré ju ìyẹn lọ, èyí tó ń ka iye ẹ̀dà apá kan ṣoṣo lórí kúrómósóòmù 20, tí wọ́n ń pè ní 20q11.21. Ibẹ̀ ló ti rí i: ẹ̀dà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Apá náà kéré débi pé àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò lè rí ìyípadà náà. Ibẹ̀ ni jíìnì BCL2L1 wà, èyí tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kú. Nítorí náà ni wọ́n fi ń jí dáadáa nínú yìnyín.

Ohun tí a ti mọ̀ nínú ẹ̀ka yìí ni. Àjọṣe àwọn láàbù 38 káàkiri ayé ti yẹ stem cell ọlẹ̀ 125 wò, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2011 pé apá yẹn gan-an wà lára ibi tó máa ń yí padà jù. Àmọ́ mímọ̀ ọ́n nínú ìwé yàtọ̀ sí kí ènìyàn ṣí fìríìsà rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣí i. Ó yọ gbogbo ìgò tó ti fi pa mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó yẹ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ibi tí ìyípadà náà ti wọlé, ó sì tún gbogbo iṣẹ́ tó lo abọ́ yẹn fún ṣe láti orí sẹ́ẹ̀lì tó mọ́. Bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni láàbù mìíràn gbé àbájáde tí òun náà ń wá jáde. Ó wọlé wá bá mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Prof, ṣé iṣẹ́ mi ti bọ́ nìyẹn?"

Mo ní kó jókòó. Mo ní iṣẹ́ rẹ̀ kò bọ́, pé àwọn tó gbé tiwọn jáde nílò ẹni tó máa fi sẹ́ẹ̀lì mìíràn rí ohun kan náà, kí gbogbo wa lè fọkàn balẹ̀. Mo tún sọ fún un pé kó kọ ìtàn abọ́ tó yára yẹn sílẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú àwòrán bí ìdìpọ̀ náà ṣe rí, kí ẹni tó bá rí irú rẹ̀ lè mọ ohun tó máa yẹ̀ wò. Ó kọ méjèèjì. Àpilẹ̀kọ abọ́ náà kò ní ìtọ́kasí púpọ̀. Mo ti ka gbogbo gbólóhùn tó tọ́ka sí i. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn ló sọ pé àwọn yẹ sẹ́ẹ̀lì àwọn wò nítorí rẹ̀, àwọn kan sì sọ pé àwọn ti da iṣẹ́ kan nù kó tó di àpilẹ̀kọ. Níbo la ti máa ka àpilẹ̀kọ tí kò yẹ kó jáde, tí kò sì jáde?

Nínú ìgbìmọ̀ kan tí mo jókòó sí láìpẹ́ yìí, a ní láti yan ẹnìkan nínú àwọn méjì tó kù. h-index ẹni àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹnì kejì, alága sì ti ń kó bébà rẹ̀ jọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a ka ohun tí wọ́n ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́kasí ẹni àkọ́kọ́ wá láti inú àwọn àpilẹ̀kọ àkópọ̀, ìyẹn àwọn tó ń to iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn jọ. Iṣẹ́ tó wúlò ni, ó sì ṣe é dáadáa. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti tọ́ka sí irú rẹ̀ nítorí pé ó ń gba wọ́n lọ́wọ́ títo ogún orúkọ. Ẹnì kejì ti sọ sẹ́ẹ̀lì awọ àwọn aláìsàn di stem cell, ó yẹ kúrómósóòmù wọn wò, ó fi wọ́n sí ilé ìpamọ́ sẹ́ẹ̀lì tí gbogbo ayé ti lè gbà wọ́n, ó sì kọ ohun tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ ohun tó ṣiṣẹ́. Àwọn láàbù tí kò mọ̀ ọ́n rí ti ń fi sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dán oògùn wò. Láàbù ni iṣẹ́ tí a ń wá ènìyàn sí. Ẹnì kejì la mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ má retí pé irú ẹni tó máa sọ pé kí wọ́n kà á yóò wà nínú yàrá náà. Ẹ mú àpilẹ̀kọ mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan fúnra yín: apá tí ọwọ́ yín ṣe nínú rẹ̀, ẹni tó ti tún un ṣe ní ibòmíràn tó sì rí ohun kan náà, ibi tí wọ́n ti lè gba sẹ́ẹ̀lì àti dátà rẹ̀, àti ohun tí ẹlòmíràn ti fi ṣe. Ìlà mẹ́rin tó. Bí wọ́n bá béèrè h-index, ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì sọ àkójọ tí ẹ ti rí i àti ọjọ́ tí ẹ wò ó.